Àlàfo Tí Ìfé Ń Gbà

Inú máa ń tètè bí mi. Kí n yáa tètè sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹlòmíì má bàa sọ ọ́ fún yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní ìtọ́jú eyín mọ̀ ọ́n, àwọn aláìsàn mọ̀ ọ́n, kódà ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní ẹnu géètì wa mọ̀ ọ́n. Tó bá ti rí i pé mò ń yára rìn báyìí, á ní, "Dókítà, ta ló tún ti ṣẹ̀ yín?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ń dùn mọ́ mi o. Kò sí àárọ̀ kan tí mo kúrò nílé mi ní Festac, tí mo gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ sí ilé ìtọ́jú wa ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí mo bi ara mi pé kí ni mò ń wá lọ síbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n di dókítà ni wọ́n máa ń rán sí wa. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ ní Mile 2, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n á dé pẹ̀lú aṣọ funfun tí ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára ẹ̀. Orí wọn kún. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo iṣan tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀: kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ohun tó gbé aláìsàn wá, kí wọ́n tó jókòó kọ ètò ìtọ́jú rẹ̀, ìyẹn ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe, ohun tó máa tẹ̀ lé e, àti ohun tí a ò ní fọwọ́ kàn rárá.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kí bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé àlàáfíà ni?" Bàbá ní, "A dúpẹ́." "Ara ń kọ́, sà?" "Ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Lọmọ bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ìrora. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá yìí wú bíi búrẹ́dì! Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ Yorùbá ni ẹ́ àbí o kàn ń jẹ orúkọ wa? Ta lo ti gbọ́ rí tí wọ́n kí, tó dáhùn pé 'rárá, ara ò le'? Ẹni tó ń kú lọ gan-an, tó o bá kí i, á ní a dúpẹ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Àtìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ di òfin: ẹ kí wọn tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mi náà ò le. Mi ò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló ń ṣe yín?" Ìyẹn, eyín fúnra rẹ̀ á dáhùn tí a bá tanná sí i. Ìbéèrè tèmi ni, "Kí lẹ fẹ́ fi eyín yìí ṣe?" Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Mo máa ń gbọ́ wọn. "Kí lẹ fẹ́ fi eyín ṣe, mà? Ṣé ẹ fẹ́ fi kọ ebè ni?" Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, mo wà níbí.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, inú ẹ́sítéètì Amúwo yìí náà ló dàgbà sí. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Tó bá fún èèyàn lábẹ́rẹ́, ẹni náà á ṣì máa retí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tó ti yọ ọ́. Eyín tiẹ̀ tò bí àgbàdo lára ṣúkù, torí pé nígbà tó wà ní kékeré, àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó fi wáyà so eyín iwájú rẹ̀ títí àlàfo àárín wọn fi pa dé. Bí ẹni tó ń sọ bí wọ́n ṣe wo àìsàn kan sàn fún un ló ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òun ni mo fún ní Màmá.

Màmá ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Festac ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti tọ́ gbogbo ọmọ wọn, àwọn ọmọ ti lọ, àwọn méjèèjì ló kù nílé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó wọ búláòsì funfun, ó gbé báàgì lé itan, ó jókòó ganran bí ẹni tó wá ṣe ìpàdé. Àrùn èrìgì ti mi eyín iwájú òkè rẹ̀ títí wọ́n fi ní láti yọ wọ́n. Ó fẹ́ ká ṣe òmíràn sí i, eyín àtọwọ́dá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kí i, Màmá dúpẹ́. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mò ń gbọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi eyín náà ṣe, mà?"

Màmá tún báàgì rẹ̀ gbé lé itan. Ó wá ní, "Ọkọ mi ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀."

Lọmọ yìí bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Mọ́mì! Ṣé ìyẹn ò dáa ni? Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín nìyẹn! Tí Dádì tèmi bá lè fi 'ẹ' bá Mọ́mì mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọpẹ́ la máa lọ dá ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí ẹwà ni.

Mo yọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo bẹ Màmá pé kó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ tí ìgbàgbé ti ń mú ọkọ òun. Kò tíì burú jù. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kàn máa ń wá ọ́fíìsì rẹ̀ kiri inú ilé ni. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé òun rí, àfi ìgbà tí eyín kúrò lẹ́nu òun. Àtìgbà yẹn, tí òun bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á dìde dúró, á ní, "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ má bínú pé à ń yọ yín lẹ́nu. Ìyàwó mi ò ní pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́."

"Dókítà," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni ọkùnrin yìí ti ń pè mí ní ìwọ. Ó wá ń pè mí ní ẹ̀yin."

Mo wo akẹ́kọ̀ọ́ mi, ojú ti ọmọ náà débi pé ó ti ń fi ìka pa ohun tó kọ rẹ́. Mi ò fẹ́ tan Màmá jẹ, mo sọ fún un pé eyín kì í wo ìgbàgbé sàn. Ó ní òun mọ̀. Ó ní tí Dádì, ìyẹn ọkọ òun, bá máa gbàgbé òun, kó jẹ́ pé ó gbàgbé òun ni, kó má jẹ́ pé òun ni kò gbé ojú òun wá síwájú rẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe gbọ́ ìyẹn, ó fẹ́ ká ṣe eyín náà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní, "Dúró níbẹ̀. Àrùn èrìgì tó gbé eyín iwájú lọ, kí ló ní kó má gbé èyí tó kù lọ? Ara kí lo wá fẹ́ fi eyín tuntun kọ́?" Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A kọ́kọ́ tọ́jú èrìgì. Ó ń fọ eyín Màmá ní gbogbo ìgbà tó bá wá, ó sì ń kọ́ ọ bó ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì gba abẹ́ èrìgì. Màmá á ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní eyín fífọ̀? Ìyá ẹ ò tíì máa ra búrọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo ti ń fọ eyín mi!" Síbẹ̀ á ṣe é. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. "Ìwọ ọmọ yìí," ló máa ń pè é, á mú ọsàn wá fún un, á tún Yorùbá rẹ̀ ṣe fún un. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń gbọ́ wọn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mi ò kàn ní yọjú ni.

Nígbà tí èrìgì gbẹ dáadáa, ó kan eyín. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í ṣe eyín àtọwọ́dá parí lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìda ni a ti máa ń to eyín sí ná, ìda rírọ̀ bíi ti àbẹ́là, a óò fi í sẹ́nu aláìsàn, kó wo dígí, kó sọ̀rọ̀, ká lè tún ohun tí kò bá gún ṣe. Tó bá ti kúrò nínú ìda, ó ti parí nìyẹn. Ìwé tí wọ́n ń kà ní kí aláìsàn máa ka òǹkà ní Gẹ̀ẹ́sì, ká lè gbọ́ bí "f" àti "s" ṣe ń jáde. Èmi, "fìlà funfun" àti "sálúbàtà sìsí" ni mo máa ń ní kí wọ́n pè.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti jókòó ti ìda yẹn pẹ́. Nígbà tó gbé e jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo. Eyín náà funfun níwọ̀n, wọ́n to gún régé, wọ́n fara ti ara wọn tímọ́tímọ́. Ó fi wọ́n sẹ́nu Màmá. Màmá pe fìlà funfun, ó já geere. Ó gba dígí. Ó wo ara rẹ̀, ó pẹ́ tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó da ojú dígí délẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Ó dáa gan-an ni," ó ní. "Ẹ ṣeun, Dókítà."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń bá sọ̀rọ̀ o. Èmi gbọ́ "ẹ" yẹn, ó sì bà mí lẹ́rù. Mo fẹ́ lanu, àmọ́ ọmọ yìí ti gbọ́ ọ náà. Ó lóṣòó síwájú àga.

"Mọ́mì, ṣé kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí. A dúpẹ́."

"Ẹ ti dúpẹ́ tán, mà. Kí ló kù?"

Orí mi wú! Ọmọ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí nìyí o. Màmá fọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Èjí mi dà?"

Ọmọ náà wò mí. Mo rí i pé kò yé e. Ó ní, "Àlàfo àárín eyín iwájú? Mo pa á dé fún yín ni, mà. Mo rò pé... àbí ta ló fẹ́ àlàfo?"

Ìgbà yẹn ni inú bí mi. "Ta ló fẹ́ àlàfo? Ọlọ́run ò! Ṣé o mọ àwọn obìnrin tó fi owó wọn sílẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n fi irin rẹ́ eyín àwọn kí àwọn lè ní èjí? Wọ́n ń fi èjí wá ọkọ, wọ́n ń fi í fa ojú ọba mọ́ra! Èyí tí Elédàá fún Màmá lọ́fẹ̀ẹ́, o fi ìda dí i pa! Bó o bá rí ẹni tó ní èjí, àìsàn lo rí?" Mo mọ̀ pé ariwo mi ti dé ẹnu géètì. Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Dókítà. Bí wọ́n ṣe ṣe tiẹ̀ fún un ló ṣe ṣe tèmi fún mi." Òtítọ́ ni.

Ọmọ náà nu ojú, ó ní òun á tún un ṣe, báwo ni èjí náà ṣe fẹ̀ tó? Màmá ti mú fọ́tò wá nínú báàgì. A tú wọn wò. Fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìsàmì, ti ọ́fíìsì ní Ìkòyí. Gbogbo rẹ̀, ẹnu Màmá pa dé pátápátá! Ó ní ayafọ́tò ayé ìgbà yẹn ò fẹ́ ẹ̀rín, á ní, "Ẹ panu dé, Madam, ẹ wò mí." A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ kò tíì sí èjí.

Màmá wá ní, "Ká ní Dádì mọ̀ ni, òun ni ì bá sọ fún yín. Èjí yẹn ló fi mọ̀ mí. Mo máa ń gba ibẹ̀ súfèé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jalè. Ó ní ìyá òun na òun títí nítorí ìfé yẹn, pé obìnrin kì í súfèé, ṣé òun fẹ́ pe ejò wọlé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun rí Dádì fún ìgbà àkọ́kọ́, òun súfèé pe ọ̀rẹ́ òun lójú títì, Dádì kọ́ lòun pè, àmọ́ Dádì ló wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n wá kó dé Festac, tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun kì í kan géètì. Òun á súfèé, Dádì á jáde wá ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí òun fi fẹ̀yìn tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi dìde fùú. "Mà," ó sọ fún mi, "ẹ jẹ́ ká fi ìfé wọn èjí náà."

Mi ò rí i kà níbì kankan rí. Mo ní, "Kí lò ń dúró dè?"

Ó tan iná kékeré tí a fi ń yọ́ ìda, ó ti eyín méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀. Màmá fi í sẹ́nu, ó súfèé. Afẹ́fẹ́ lásán. Ó tún fẹ̀ ẹ́. Èyí fẹ̀ jù, itọ́ ló fò jáde, ó bà mí lójú, Màmá ní, "Yéè, Dókítà, ẹ forí jì mí!" Gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yí àga ká, olúkúlùkù ń ká ètè jọ, wọ́n ń bá a fẹ́ ẹ. Ọmọ yìí ò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọ̀bẹ gbígbóná sí ìda, ó sún eyín kan sọ́tùn-ún, díẹ̀ bíńtín ni. Màmá fi í sẹ́nu, ó fi àtàǹpàkò tì í mú, ó ká ètè jọ.

Ìfé náà jáde. Ohùn méjì ni, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ó mú ṣáṣá. Ọkùnrin tó wà lórí àga kejì, tó ya ẹnu sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, dìde jókòó. Ẹ̀ṣọ́ wa sáré wọlé pé ta ló ń pe òun. Màmá fọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́," mo ní. "Bó ṣe wà yẹn ni kí wọ́n ṣe é."

Lọ́jọ́ tí eyín náà dé, ó bá Màmá lẹ́nu mu rẹ́gí. A ní kó súfèé, ó ní rárá, ilé ni òun ń tọ́jú ẹ̀ dè. Ó wá ní ṣé a ò ní sin òun. Ẹ̀rù ń bà á, ó sọ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Ilé tèmi náà ò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí oòrùn ti ń rọ̀, àwa mẹ́ta wọ kẹ̀kẹ́.

Ilé wọn wà nínú kúlóòsì kan, òpópó kékeré tí kò já síbìkan, tó dákẹ́ rọ́rọ́, géètì rẹ̀ ti ń dípẹtà nísàlẹ̀, ewé ti fẹ́ bo gbogbo ògiri. Aládùúgbò wọn tó ń bá wọn wo Dádì ti jókòó sí fàráńdà. Màmá jùwọ́ sí i pé kó má dìde. Ó dúró lẹ́nu géètì, kò fọwọ́ kàn án.

"Tí ò bá dá mi mọ̀ ń kọ́, Dókítà?"

"Ẹ ó fi eyín jẹ ẹran, mà," mo ní, "ẹ ó sì tún dán an wò lọ́la." Ohùn mi ò le tó bí mo ṣe fẹ́.

Ó súfèé. Kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù wẹ̀yìn wò wá. Ó tún súfèé. Kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti di apá mi mú, mi ò sì ní kó fi í sílẹ̀. Màmá ti ń ṣí báàgì rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́, ìgbà yẹn ni a gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́ bọ̀ nínú ilé, wọ́, wọ́, wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá gíga kan jáde, ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn. Ó rìn wá sí géètì. Ó wo èmi, ó wo akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó wá wo Màmá.

"Ìwọ!" ó ní. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fún yín ṣe ní ọ́fíìsì yẹn gan-an?"

Màmá pa báàgì rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́, iṣẹ́," ó ní. Ó ṣí géètì, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí àwa náà káàbọ̀ bí èèyàn ńlá. Ó ti yí padà, ó ń lọ, ló bá dúró. Ó tẹ̀ sétí Màmá, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Ìyá àgbà kan wà nílé yìí tó ń tọ́jú mi tó ò bá sí nílé. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò rí i látàárọ̀. Tó o bá rí i, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Má pè é ní ìwọ o, àgbà ni. 'Ẹ' ni kó o fi bá a sọ̀rọ̀."

Màmá di apá rẹ̀ mú. Ó ní òun ti gbọ́, 'ẹ' ni òun máa fi bá a sọ̀rọ̀.